Orogún Màmá àti Koríko Etí Kòtò

Orogún tí Màmá ní, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní. Ó ní ìrù, ó sì ní ìwo méjì, tí ọ̀kan kọjú síwájú, tí èkejì tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ lójú ọ̀nà. Abo màlúù ni. Nínú gbogbo màlúù tí wọ́n ń sìn lẹ́yìn ilé fún wàrà títà, òun nìkan ni Bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ rà, òun nìkan náà ló sì máa ń kí láàárọ̀ kó tó kí ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ gbọ́ tí Bàbá ń bi màlúù pé, "Ṣé o sùn dáadáa?", ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá, èmi náà sùn o, bó bá wu ẹnikẹ́ni láti gbọ́."

Láti ọjọ́ náà ló ti sọ màlúù ní Orogún. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn oníbàárà máa ń sọ níwájú ṣọ́ọ̀bù pé, "Ti Orogún ni kí ẹ bù fún wa, tirẹ̀ ló ki jù." Màmá kì í sì í gba iwájú rẹ̀ kọjá kó má sọ̀kò ọ̀rọ̀. Á ní, "Ìyàwó kékeré, ẹ kú ìjókòó. Àwọn kan ń gbálẹ̀, àwọn kan ń jẹun." Á ní, "Wo bó ṣe ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń ṣòfófó mi." Orogún á gbé ojú ńlá rẹ̀ sókè, á wò ó, á tún padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Bàbá á máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ fìlà. Kò sí ẹni tí kò gbà nílé náà pé ológbò àti eku ni Màmá àti Orogún.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ẹnu lásán ni Màmá ń yá.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Bàbá lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣubú, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Màmá ló wá ń fún wàrà Orogún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí ilé sì dákẹ́ jù fún un, ó jókòó lórí àpótí ìfúnwàrà, kò lè dìde. Orogún yí ọrùn padà, ó gbé orí lé e léjìká, ó mí kanlẹ̀, kò sì gbé e kúrò. Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tí kò rí ẹnì kan, ó bá a họ abẹ́ ọrùn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yíwọ́.

Látìgbà náà, bí Bàbá bá ti jókòó ti rédíò ní ìrọ̀lẹ́, Màmá á mú dòjé, á yọ́ lọ sí etí kòtò tó wà lẹ́yìn yàrá tí wọ́n ti ń fọ agolo wàrà. Omi tí wọ́n fi ń ṣan ilé màlúù, ibẹ̀ ló ń dà sí, ọ̀pá omi kan sì ti ń jò síbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, bí ilẹ̀ ibòmíràn tilẹ̀ sán, koríko ibẹ̀ á tutù minimini. Á gé ẹ̀kúnwọ́ bíi mélòó kan, á fi ìborùn bò ó bí ẹni tó jí ọmọ gbé, á sì gbé e fún Orogún nìkan.

"Jẹ ẹ́ kíá," ni yóò máa wí, "kí ọkọ wa tó dé."

Kò jẹ́ kí Bàbá mọ̀. Ẹni tó ti fi ọdún gbọọrọ bú orogún, tó bá wá hàn pé òun náà ló ń bọ́ ọ lóúnjẹ àdídùn, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò ní tán nílé náà títí ayé rẹ̀.

Àfi bí Orogún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ orí ni. Wàrà rẹ̀ ń dín kù. Irun ara rẹ̀ tó máa ń dán, ó wá rí ṣákaṣàka bí ìgbálẹ̀ tó ti pẹ́ nílé. Lẹ́yìn náà ni abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, ó rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀ bí àpò tí wọ́n bu omi sí. Àwọn màlúù tó kù ń jẹ, wọ́n ń sanra, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Bàbá kì í jẹun tán mọ́. Á kàn máa yí ṣíbí po nínú abọ́ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù.

Àkọ́bí wọn obìnrin ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù wàrà. Ààrẹ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò tíì ju ọmọ ìrákòrò lọ tó ti ń pàṣẹ fún àwọn tó bí i. Ààrẹ wá dúró ti ibùjẹ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó káwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ̀yin òbí mi, ẹ má bínú sí mi. Màlúù yìí ń kú lọ. A ò mọ ohun tó ń ṣe é, a ò sì mọ̀ bóyá ó lè ran àwọn yòókù. Mo ti bá Alápatà sọ̀rọ̀. Ọ̀la ló ń bọ̀ wá mú un."

"Ọ̀la kẹ̀?" ni Bàbá wí.

"Kó tó di pé Alápatà gan-an ò fẹ́ ẹ mọ́, Bàbá."

Alápatà kò tilẹ̀ lè dúró di ọ̀la. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tó fi yà wá wo ẹran. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, oníyẹ̀yẹ́, bàtà rọ́bà rẹ̀ ń dún fọ̀ṣọ̀fọ̀ṣọ̀ bó ṣe ń wọlé.

"Màmá, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi orogún yín fún mi. Èmi kì í gba ìyàwó oníyàwó o, ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti fọwọ́ sí i, kí ni ọmọdé fẹ́ wí?"

Lọ́jọ́ mìíràn, Màmá ì bá ti dá a lóhùn tí yóò fi wá ọ̀nà ilé lọ. Lọ́jọ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó rí bí Alápatà ṣe ń fọwọ́ tẹ ìhà Orogún, tó ń mi orí. Ó rí bí Orogún ṣe ń fi imú gbọ́ òórùn ọwọ́ ọkùnrin náà, láìfura.

"Máa lọ sílé, Alápatà," ló wí. "Ọ̀la ò tíì mọ́."

Alápatà wo Ààrẹ. "Ṣé kí n wá àbí kí n má wá?"

"Ẹ wá," ni Ààrẹ wí.

Màmá dúró títí wọ́n fi lọ. Ó bu ìgbẹ́ Orogún, ẹlẹ́bọ́tọ tútù, sínú agolo bọ́tà tó ti ṣófo, ó dé e, ó kì í sábẹ́ ìborùn, ó forí lé ọ́fíìsì Dókítà Ẹranko tó wà ní ìparí òpópónà. Nínú yàrá ìdúródè, àgùntàn kan so mọ́ ẹsẹ̀ àga, ológbò kan sì ń bínú nínú apẹ̀rẹ̀. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ohùn rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi máa ń tẹ̀ síwájú láti gbọ́ ọ.

"Dókítà, ọmọ mi, mo gbé nǹkan wá. Má fi ṣe ẹlẹ́yà."

Dókítà ṣí agolo, ó wo inú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ti Orogún ni, Màmá?"

"Ta ló sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ?"

"Bàbá ni. Wọ́n ti gbé tirẹ̀ wá ní kùtùkùtù. Inú fíláàsì ni wọ́n gbé e sí."

Màmá tẹ̀ síwájú. "Fíláàsì pupa?"

"Pupa ni, Màmá."

Láti àárọ̀ ni Màmá ti ń wá fíláàsì tíì rẹ̀. Inú bí i, àánú Bàbá sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ dá lóhùn. "Kó máa mu tíì nínú rẹ̀ lọ," ló wí níkẹyìn.

Dókítà mú un wọnú yàrá iṣẹ́. Ó ti fi omi po ẹlẹ́bọ́tọ tí Bàbá gbé wá, ó ti sẹ́ ẹ, ó ti jẹ́ kó tòrò, ó sì ti da omi orí rẹ̀ nù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ló wà lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó ní kí Màmá wá fi ojú kan wò.

"Ìpéǹpéjú ara mi ni mò ń rí."

"Ẹ súnmọ́ ọn díẹ̀ sí i."

Ìgbà náà ló rí wọn. Wọ́n rí bí hóró ìrẹsì, wọ́n pọ́n bíi wúrà tí oòrùn ń tàn sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìdérí kíún ní ìpẹ̀kun kan.

"Wọ́n mà rẹwà," ni Màmá wí kó tó mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀.

"Ẹyin aràn ni, Màmá."

Màmá fa ojú kúrò bí ẹni tí iná jó.

Ohùn Dókítà kéré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò díjú. Ó ní aràn náà pẹlẹbẹ bí ewé. Inú ẹ̀dọ̀ ló ń fi ṣe ilé, ní ojú ọ̀nà tí òróòro ń gbà. Ibẹ̀ ló ti ń họ ẹ̀dọ̀, tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ á fi le bí igi. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbẹ lára màlúù, omi ara á wá sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n. Aràn á máa yé ẹyin, ẹyin á bá ìgbẹ́ jáde.

"Tí ìgbẹ́ yẹn bá bọ́ sínú omi, ẹyin á pa. Ọmọ tó jáde níbẹ̀ á lúwẹ̀ẹ́ wá irú ìṣáwùrú kékeré kan, á wọnú rẹ̀ lọ."

"Ó lọ ṣe àlejò?"

"Ó lọ bímọ, Màmá. Ẹyọ kan ló wọlé, ogunlọ́gọ̀ ló ń jáde. Àwọn tó jáde á lúwẹ̀ẹ́ lọ sára koríko etí omi, wọ́n á fi èèpo bo ara wọn bí ẹni tó daṣọ borí, wọ́n á máa dúró."

"Kí ni wọ́n ń dúró dè?"

"Ẹni tó máa jẹ koríko."

Màmá rántí kòtò. Ó rí dòjé, ó rí ìborùn, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé jẹ ẹ́ kíá.

"Màmá, ṣé àwọn màlúù yín ń jẹ koríko tútù, irú ti etí kòtò?"

"Koríko gbígbẹ ni wọ́n ń jẹ," ni Màmá wí. "Ààrẹ ló ń rà á."

Òótọ́ ni. Ó kàn jẹ́ òótọ́ tí wọ́n gé ìrù rẹ̀.

Dókítà ní oògùn aràn náà wà, ẹ̀dọ̀ Orogún sì lè kọ́fẹ padà bí wọ́n bá tètè ṣe é. "Ṣùgbọ́n bí iná ò bá tán lórí, Màmá, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná. Bí a ò bá rí ibi tó ti ń kó o, á tún kó o. Mò ń bọ̀ nílé yín lọ́sàn-án yìí."

Lọ́sàn-án, gbogbo wọn pé sí ilé màlúù lábẹ́ páànù gbígbóná. Dókítà rọra ṣí ìpéǹpéjú Orogún: ibi tó yẹ kó pupa, funfun báláú ni. Ó tún gbogbo àlàyé rẹ̀ ṣe. Ààrẹ gbọ́ ọ délẹ̀ bí adájọ́.

"Èmi ni mò ń ra koríko wọn," ló wí. "Orí òkè gbígbẹ ló ti ń wá, gbogbo wọn ló sì ń jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ inú rẹ̀ ni aràn wà, á jẹ́ pé gbogbo wọn ló ti kó o. Tí kò bá sí níbẹ̀, á jẹ́ pé ara Orogún ló máa gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù."

"Kì í ti ara màlúù kan bọ́ sára òmíràn," ni Dókítà wí. "Ó gbọ́dọ̀ gba inú ìṣáwùrú kọjá. Koríko tútù kan ti wọ ẹnu rẹ̀ níbì kan."

"Kò sí ẹni tó ń fún màlúù ní koríko tútù nílé yìí. Dókítà, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n n kò lè fi gbogbo agbo ta tẹ́tẹ́ nítorí ẹyọ kan. Bí ẹ ò bá lè sọ ibi tó ti wá, kí Alápatà máa bọ̀ nísinsìnyí." Ó yọ fóònù rẹ̀.

Màmá gbójú sókè, ó ń wo páànù. Bàbá dorí kodò, ó ń wo bàtà. Orogún, tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀, na ahọ́n, ó fi lá etí aṣọ Màmá.

Ẹ̀sín kì í pa àgbà, ni Màmá rò. Ọ̀bẹ ló ń pa màlúù.

"Ààrẹ, fi fóònù yẹn sílẹ̀. Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni, Màmá?"

"Èmi ni mò ń gé koríko etí kòtò fún un. Ní ìrọ̀lẹ́. Látìgbà tí bàbá yín ti rìnrìn àjò."

Fóònù dúró lọ́wọ́ Ààrẹ láìdé etí. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọjọ́ tó bá kú, ìwo rẹ̀ lẹ máa fi kọ́ aṣọ?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ló sọ ọ́, ọwọ́ ò sí níbẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Bàbá. Màmá ti ki ara rẹ̀ láyà, ó ń retí ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́. Bàbá ṣí fìlà, ó ń yí i po lọ́wọ́.

"Ní ìrọ̀lẹ́," ló rọra wí. "Ìrọ̀lẹ́ lo ń gé e."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, Bàbá. Ẹ fi mí ṣẹ̀sín, mo ti ṣetán."

"Dúró ná. Mo ti ń rò ó tipẹ́, mo ní kí ló dé tí koríko ibẹ̀ kì í ga tó bó ṣe yẹ láàárọ̀."

Màmá yí padà. "Kí lẹ máa ń wá débẹ̀ láàárọ̀?"

"Mo máa ń na ẹsẹ̀."

"Pẹ̀lú dòjé?"

Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà. "Dòjé náà máa ń na ẹsẹ̀."

Dókítà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ tó kéré, ẹ̀rín rẹ̀ kò kéré rárá, ó gbá páànù kíkankíkan, màlúù tó wà lápá ọ̀hún gbé orí sókè. Ààrẹ dojú agolo wàrà kan bolẹ̀, ó jókòó lé e, ó fọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, omijé ti rin ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì. Ìkẹ́ lẹ fẹ́ fi pa á."

"Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́," ni Dókítà wí, tó ń nu ojú. "Abájọ."

Bàbá wo Orogún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọgbọ́n rẹ̀. "Ó jẹ tèmi, ó jẹ tìrẹ, kò sì sọ fún ẹnì kankan nínú wa."

"Ọ̀dàlẹ̀," ni Màmá wí, ó sì gbá a létí pẹ́pẹ́.

Gbogbo wọn jọ lọ sí etí kòtò. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé: Dókítà kò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán tó fi rí wọn, àwọn ìṣáwùrú aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọn ò ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ, wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí koríko, wọ́n sì pọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó fi ìbọ̀wọ́ mú ọ̀kan, ó nà án sí wọn. Ó ní ó ṣeé ṣe kí Orogún ti gbé aràn àkọ́kọ́ wá láti ibi tí Bàbá ti rà á. Omi tí wọ́n fi ń ṣan ìgbẹ́ rẹ̀ wá ń gbé ẹyin wá síbí, ìṣáwùrú ń tọ́ ọmọ, koríko ń gbà wọ́n sílé, Bàbá àti Màmá sì ń fọwọ́ ara wọn gbé wọn padà fún un. Àwọn yòókù kò jẹ níbẹ̀ rí, ìyẹn ni nǹkan kan ò fi ṣe wọ́n.

Bàbá ti já koríko kan bó ṣe ń gbọ́rọ̀, ó ń gbé e lọ sẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe.

"Bàbá," ni Dókítà wí, "ẹ má fi sẹ́nu o. Aràn yẹn kì í yan ẹ̀dọ̀ màlúù nìkan."

Koríko bọ́ lọ́wọ́ Bàbá bí ẹni tí ejò bù jẹ. Màmá ní kó fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́. Ó ní kó tún un fọ̀. Nígbà tí wọ́n padà délé, ó ní kó máa bọ̀ wá fọ̀ ọ́ lójú òun.

Ààrẹ pe Alápatà pé kó má wulẹ̀ wá. Alápatà wá lọ́jọ́ kejì ṣá, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí màlúù tí wọ́n yọ lẹ́nu ọ̀bẹ. Wọ́n bá ní kó kúkú dì í ní ìwo mú. Dókítà ki ọrùn ìgò oògùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu Orogún, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀. Orogún gbé púpọ̀ mì, ó wúkọ́, ó sì fọ́n èyí tó kù sí Alápatà láyà.

"Màmá, orogún yín tutọ́ sí mi lára."

"Ó mọ ohun tí o wá ṣe lánàá," ni Màmá dá a lóhùn. Ẹnu rẹ̀ ti bọ̀ sípò.

Iṣẹ́ wá délẹ̀. Bàbá, tó ti ń sọ látọdún gbọọrọ pé ọ̀la lòun máa tún ọ̀pá omi náà ṣe, lọ tún un ṣe. Wọ́n la ojú omi síbòmíràn, wọ́n ro gbogbo koríko kòtò, wọ́n fi iyanrìn dí i. Wọ́n ń kó ẹlẹ́bọ́tọ jọ ní òkìtì kí ooru rẹ̀ lè pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Dókítà yẹ àwọn màlúù yòókù wò, ó ní wọ́n mọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má mu wàrà Orogún títí òun yóò fi sọ̀rọ̀, kí oògùn lè tán lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún un tán, Màmá á máa dà á nù pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń sin àlejò sọ́nà.

Nígbà tó yá, abẹ́ àgbọ̀n Orogún fà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó tún pọ́n sí i. Irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, oúnjẹ pẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, Orogún sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò fi yọjú lójú fèrèsé. Bàbá àti Màmá sáré jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú pẹ̀lú koríko gbígbẹ lápá, wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà tóóró, kò sí ẹni tó ráyè kọjá.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé," ni Màmá wí.

"Èmi ló pè," ni Bàbá wí.

"Ṣé ó dárúkọ yín ni?"

Ààrẹ wá gba koríko lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó lọ fún un.

Ọjọ́ tí Dókítà sọ pé wàrà ti mọ́, ìlà àwọn oníbàárà gùn dé ìkángun ilé, Alápatà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò. Ṣùgbọ́n Màmá ní kò sí ẹni tó máa tọ́ ọ wò ṣáájú Dókítà. Ó bu ife kan kún dẹ́múdẹ́mú, wàrà tó ki, tó ṣì ń gbóná, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Gbogbo ìlà ń wo ọ̀dọ́mọbìnrin náà.

Dókítà wo inú ife. Ó sọ nǹkan kan tí ẹnì kankan ò gbọ́.

"Sọ̀rọ̀ sókè, ọmọ mi."

"Mo ní ẹ má bínú, Màmá. Wàrà kì í bá mi lára mu."

Màmá wò ó. Ó wo ife. Ó wo Bàbá tó ti ń fi fìlà bo ẹnu. "Gbogbo ìyọnu yìí, ìwọ ò mu wàrà?"

"Láti kékeré ni, Màmá. Inú mi máa ń kùn."

"Kí lo wá jẹ níbẹ̀, Dókítà?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ronú díẹ̀. "Mo jẹ ẹ̀rín," ló wí, ó sì dojú bolẹ̀.

Màmá gba ife padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ife náà sẹ́nu níwájú gbogbo wọn, ó mu ún lámu-kanlẹ̀, ó nu ètè, ó sì ké sí ilé màlúù lóhùn rara, kí gbogbo òpópónà lè gbọ́, pé, "Ìyàwó mi, o ṣé o." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Alápatà, ó ní kó gbé ìkòkò rẹ̀ wá.